Obìnrin wà níbẹ̀, aláwọ̀ dúdú wà níbẹ̀: obìnrin aláwọ̀ dúdú ńkọ́?

Ìbéèrè: Ilé-iṣẹ́ tó ń gba obìnrin, tó sì ń gba aláwọ̀ dúdú, báwo ni a ṣe lè fẹ̀sùn kàn án pé ó ń ṣe ẹ̀tanú sí obìnrin aláwọ̀ dúdú?

Ìdáhùn: Ọ̀rọ̀ yìí gan-an ló délé ẹjọ́ ní ìlú St. Louis, ní Amẹ́ríkà, nígbà tí Emma DeGraffenreid àti àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú mẹ́rin mìíràn pe General Motors, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe mọ́tò, lẹ́jọ́. Òfin 1964 ti ka á léèwọ̀ fún agbanisíṣẹ́ láti tìtorí àwọ̀ ara, tàbí nítorí pé ẹnìkan jẹ́ obìnrin, fi iṣẹ́ dù ú. Kí òfin náà tó dé, ilé-iṣẹ́ náà ń gba obìnrin lóòótọ́, ṣùgbọ́n òyìnbó ni wọ́n, ọ́fíìsì ni wọ́n sì wà. Ó ń gba aláwọ̀ dúdú lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọkùnrin ni wọ́n, ìdí ẹ̀rọ ni wọ́n sì wà. Lójú irú agbanisíṣẹ́ bẹ́ẹ̀, "obìnrin" ti di òyìnbó tó jókòó ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, "aláwọ̀ dúdú" sì ti di géńdé tó lè gbé irin, débi pé ẹni tó jẹ́ méjèèjì kò rí ibi kankan jókòó sí. Ní 1976, adájọ́ ní wọ́n lè pe ẹjọ́ gẹ́gẹ́ bí obìnrin tàbí gẹ́gẹ́ bí aláwọ̀ dúdú, ṣùgbọ́n wọn kò lè pa méjèèjì pọ̀.

Ìbéèrè: Kí ni ilé-iṣẹ́ náà fi ṣe wọ́n gan-an?

Ìdáhùn: Ó dá wọn dúró lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀nà tó sì gbà ṣe é mọ́ tónítóní lójú. Nígbà tí iṣẹ́ dínkù, wọ́n ní ẹni tó dé kẹ́yìn ni yóò kọ́kọ́ lọ. Ẹ fojú inú wo irú ìwé bẹ́ẹ̀: orúkọ wà lápá kan, ọjọ́ tí wọ́n gbani síṣẹ́ wà lápá kejì, kò sì síbi tí wọ́n kọ "dúdú" tàbí "obìnrin" sí. Ṣùgbọ́n kí ó tó di 1964, General Motors kì í gba obìnrin aláwọ̀ dúdú, gbogbo àwọn tí wọ́n sì gbà lẹ́yìn 1970 pátá ni ìdádúró náà gbá lọ. Ẹni tí wọn kò jẹ́ kó wọlé lánàá, báwo ni yóò ṣe pẹ́ nínú ilé lónìí?

Ìbéèrè: Ta ló wá tú ọ̀rọ̀ náà wò?

Ìdáhùn: Kimberlé Crenshaw, onímọ̀ òfin, ni, ní 1989. Ó fi í wé ìkóríta tí ọkọ̀ ń gbà wá láti ọ̀nà gbogbo: ọkọ̀ ọ̀nà kan lè gbá ẹni tó dúró láàárín, ti ọ̀nà kejì lè gbá a, méjèèjì sì lè pàdé lára rẹ̀. Ó ní ohun tí ilé ẹjọ́ ń ṣe kò yàtọ̀ sí kí a kọ̀ láti pe ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn títí a ó fi mọ awakọ̀ tó jẹ̀bi.

Ìbéèrè: Ṣé àwọn obìnrin òyìnbó bọ́ nínú rẹ̀?

Ìdáhùn: Wọn kò bọ́. Ní 1982, nínú ẹni 88 tí wọ́n dábàá láti sọ di alájọni ní Price Waterhouse, ilé-iṣẹ́ àwọn oníṣirò owó ní Amẹ́ríkà, Ann Hopkins nìkan ni obìnrin. Wọ́n sún ọ̀rọ̀ tirẹ̀ síwájú ná, wọ́n sì gbà á nímọ̀ràn pé kí ó máa rìn bí obìnrin, kí ó máa sọ̀rọ̀ bí obìnrin, kí ó kun ojú, kí ó ṣe irun rẹ̀, kí ó sì fi ohun ọ̀ṣọ́ sára. Ní 1989, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ fi yé wọn pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ ẹ̀rí ẹ̀tanú. (Kí a má ṣe rò pé òyìnbó nìkan ló ni àrùn yìí: "ó" wa kò mọ akọ yàtọ̀ sí abo, síbẹ̀ gbogbo wa la mọ ẹni tí wọ́n máa ń sọ fún pé ohùn rẹ̀ ti le jù.)

Ìbéèrè: Obìnrin Yorùbá tó ń ṣiṣẹ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ńkọ́?

Ìdáhùn: Abala 14 nínú òfin ìdọ́gba tí wọ́n ṣe níbẹ̀ ní 2010 ìbá jẹ́ kí ó pa ẹ̀sùn méjèèjì pọ̀ sí ọ̀kan, ṣùgbọ́n ní 2011 ìjọba kéde pé àwọn kò ní mú abala náà ṣiṣẹ́. Nítorí náà, bí nọ́ọ̀sì kan bá béèrè ọ̀rọ̀ nípàdé, tí ọ̀gá sì pè é ní oníjàgídíjàgan, nígbà tí nọ́ọ̀sì òyìnbó àti ọkùnrin aláwọ̀ dúdú tó béèrè irú rẹ̀ kò gba orúkọ bẹ́ẹ̀, yóò fa igi sí àpótí "ẹ̀yà" lórí fọ́ọ̀mù ìpẹ̀jọ́, yóò sì tún fa òmíràn sí "akọ tàbí abo", bí ẹni pé ènìyàn méjì ló wà nínú ìpàdé náà.