Alákatakítí Kì í Ṣe Òmùgọ̀

Ìbéèrè kan náà ni àwọn ẹbí tó ń mú ọmọ wọn wá sọ́dọ̀ mi máa ń bi mí: "Dókítà, ọmọ yìí mọ̀wé. Kí ló wá sọ ọ́ di alákatakítí?" Èsì mi ni pé kì í ṣe àìgbọ́n ló ń fà á; ọ̀lẹ ìrònú àti oríkunkun ni.

Ní 1960, Peter Wason, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, fún ènìyàn 29 ní nọ́ńbà mẹ́ta: 2, 4, 6. Ó ní òfin kan wà nídìí wọn. Kí wọ́n máa pe nọ́ńbà mẹ́ta mìíràn, òun á máa sọ bóyá ó bá òfin náà mu. Ọ̀pọ̀ gbà pé méjì méjì ló ń fi lé. Wọ́n pe 8, 10, 12. Bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n pe 20, 22, 24. Bẹ́ẹ̀ ni. Ọkàn wọn balẹ̀, wọ́n kéde òfin, wọ́n sì gbà á sódì. Kí nọ́ńbà ṣáà máa ga sí i ni òfin náà: 1, 7, 50 náà bá a mu. Àwọn 6 péré ni kò kọ́kọ́ ṣì í.

Ẹ wò ó dáadáa: kò sẹ́ni tó purọ́ fún wọn. Wọn ò kàn béèrè ohun tó lè mú "rárá" wá ni. Ọ̀lẹ ìrònú tí mò ń sọ nìyẹn. Alákatakítí lè kàwé mọ́jú, àmọ́ 8, 10, 12 náà ló ń kà.

Ti oríkunkun tún yàtọ̀. Ìdánwò káàdì kan wà tí a ti ń lò láti 1948. Ẹni tí a ń dán wò á máa to káàdì tó ní àwòrán lára ní àwọ̀ sí àwọ̀. Bó bá ti mọ́ ọn lára, a ó yí òfin sí ìrísí láìsọ fún un. Ọ̀pọ̀ á gbọ́ "kò tọ̀nà" díẹ̀, wọ́n á yí. Mo ti rí ẹni tó ń gbọ́ ọ léraléra, tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń gbé pupa lé pupa. Ìwádìí tí Leor Zmigrod, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 2019 so irú àìlèyí bẹ́ẹ̀ pọ̀ mọ́ fífara mọ́ ìwà ipá nítorí ẹgbẹ́ ẹni, bẹ́ẹ̀ ìdánwò náà ò mẹ́nu ba ẹ̀sìn tàbí òṣèlú rárá.

Nítorí náà, ẹ má kó ẹ̀rí jọ bo alákatakítí mọ́lẹ̀. Ẹ bi í pé: "Kí lo máa rí tí wàá fi gbà pé o ṣì í?" Bàbá kan bi ọmọ rẹ̀ bẹ́ẹ̀ níwájú mi. Ọmọ náà ní, "Ẹ̀yin náà ńkọ́, bàbá mi?" Bàbá dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn, ọmọ sì fa àga rẹ̀ sún mọ́ ọn.