Kíka jínómù bakitéríà inú ìfun: orúkọ nìkan kò tó

Àìsàn ni ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń lọ sí bí wọ́n bá gbọ́ "bakitéríà". Bẹ́ẹ̀, wọ́n kún inú ìfun ẹni tí ara rẹ̀ le koko. Ìṣirò kan tó jáde ní 2016 fi wọ́n sí nǹkan bíi tírílíọ̀nù 38 nínú ara ọkùnrin kan, iye tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá sẹ́ẹ̀lì ara rẹ̀ gan-an dọ́gba. Wọ́n ń bá wa fọ́ oúnjẹ tí ara wa kò lè dà, wọ́n sì ń ṣe fítámì K.

Ẹ wo bakitéríà kan tí wọ́n ń pè ní E. coli. Irú rẹ̀ kan ń gbé inú ìfun wa wọ́ọ́rọ́wọ́, kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Òmíràn, O157:H7, ń fa ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀, ó sì lè ba kíndìnrín jẹ́. Orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́ o! Nígbà tí wọ́n ka jínómù O157:H7 ní 2001, tí wọ́n gbé e sí ẹ̀gbẹ́ K-12, ìyẹn E. coli kan tí kì í ṣeni léṣe, wọ́n bá jíìnì (ẹyọ ìlànà kọ̀ọ̀kan inú jínómù) tó lé ní 1,300 nínú rẹ̀ tí K-12 kò ní. Ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ ìwà wọn wà.

Jínómù, ní kúkúrú, ni gbogbo ìlànà tí ẹ̀dá kan fi ń gbé ayé, bó ṣe wà nínú DNA rẹ̀, èròjà inú sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé ìlànà náà. Lẹ́tà mẹ́rin ni a fi ń kọ ọ́ sílẹ̀: A, C, G àti T. Kíka jínómù ni kí a mọ bí lẹ́tà wọ̀nyí ṣe tò tẹ̀ léra wọn. Ti K-12 tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 4.6.

Ìgbẹ́ ẹni tí ara rẹ̀ dá ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ bakitéríà inú ìfun ni ọ́síjìn ń pa, nítorí náà inú àpótí tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀ ni wọ́n ti ń tọ́ wọn. Wọ́n á tẹ́ wọn sórí oúnjẹ nínú abọ́ pẹlẹbẹ. Bakitéríà kan á bí títí ọmọ rẹ̀ á fi di òkìtì kékeré tí ojú lè rí, bí orí abẹ́rẹ́. Òkìtì kan ṣoṣo ni wọ́n á mú, kí DNA má bàa dàpọ̀ mọ́ ti ẹlòmíràn.

Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ kò lè ka DNA lódindi, nítorí náà wọ́n á gé e wẹ́wẹ́. Ká ní ẹ̀já kan kà báyìí: ATTGCCTA, òmíràn sì kà báyìí: CCTAGGAC. CCTA tó parí àkọ́kọ́ ló bẹ̀rẹ̀ èkejì. Kọ̀ǹpútà á gbé wọn léra, á rí ATTGCCTAGGAC. Bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe ní àìmọye ìgbà.

Wọ́n tún lè ka gbogbo DNA inú ìgbẹ́ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, láìtọ́ bakitéríà kankan. Ìyẹn dà bí ìgbà tí a fa ọ̀pọ̀ ìwé ya sínú àpò kan. Bí a kò bá ní odindi ìwé lọ́wọ́ láti fi wé e, ó ṣòro láti mọ ẹ̀já tó jẹ́ ti èwo. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé iṣẹ́ títọ́ wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣì ṣe kókó. Àkójọ ńlá kan tó jáde ní 2020 ní jínómù tó lé ní 200,000, láti irú bakitéríà 4,644, síbẹ̀ èyí tó ju ìdá 70 nínú 100 irú wọ̀nyí ni a kò tíì tọ́ rí nínú yàrá àyẹ̀wò.

Oògùn apakòkòrò lè pa àwọn onílé inú ìfun, kí bakitéríà kan tí wọ́n ń pè ní C. difficile sì gba ibẹ̀, kó fa ìgbẹ́ gbuuru tó le. Ní 2023, àjọ tó ń mójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà fọwọ́ sí oògùn oníhóró kan tí wọ́n fi bakitéríà láti inú ìgbẹ́ àwọn tí ara wọn dá ṣe, kí àìsàn yìí má bàa padà wá. Kí ni a ó fi mọ̀ bóyá bakitéríà tí a fún ẹnì kan ti fìdí múlẹ̀, nígbà tí irú rẹ̀ lè ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀? Jínómù wọn ni. Lẹ́tà díẹ̀ tó yàtọ̀ ni a fi ń dá àlejò mọ̀ yàtọ̀ sí onílé.