Owó Oúnjẹ Lọ́tọ̀, Àtirí Ọmọ Lọ́tọ̀

Àwọn ìyá tí àwọn àti ọkọ wọn ti kọ ara wọn sílẹ̀, tó ń wá sí ọ́fíìsì mi n'Ílọrin, sábà máa ń sọ pé: "Lọ́yà, kò rán kọ́bọ̀ wá, kò ní fojú kan àwọn ọmọ mi." Àwọn bàbá náà á ní: "Wọn ò jẹ́ kí n rí ọmọ, owó wo ni mo fẹ́ san?" Méjèèjì ò tọ̀nà. Ọmọ ló ni ẹ̀tọ́ sí owó ìtọ́jú, òun náà ló ni ẹ̀tọ́ láti máa rí òbí méjèèjì. Bí ẹnì kan ò bá ṣe tirẹ̀, kóòtù ni kí ẹ padà sí. Ẹ má fi ọmọ dógò.

Irú ìgbéyàwó tí ẹ ṣe ló ń pinnu kóòtù tí ẹ máa lọ. Ìgbéyàwó kóòtù ń lọ sí Ilé Ẹjọ́ Gíga, níbi tí òfin ẹjọ́ ìgbéyàwó ti 1970 (Matrimonial Causes Act) ti fi àǹfààní ọmọ ṣáájú ohun gbogbo. Ti yìgì àti ti ìbílẹ̀ ń lọ sí Area Court, ìyẹn kóòtù àdúgbò. Ní ti yìgì, ìlànà Málíkì, ìyẹn ẹ̀ka òfin Ìsìláàmù tí a ń tẹ̀ lé, fi ìtọ́jú ọmọ sọ́wọ́ ìyá, lẹ́yìn rẹ̀ ìyá tó bí ìyá náà: ọkùnrin títí yóò fi bàlágà, obìnrin títí yóò fi wọlé ọkọ. Bàbá ló ń gbọ́ bùkátà. Bí ìyá bá fẹ́ ọkọ mìíràn tí kì í ṣe ẹbí ọmọ náà, ẹ̀tọ́ yìí lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ti ìbílẹ̀, àwọn àgbà l'Ọ́fà àti Òmù-Àrán á ní bàbá ló lọmọ. Ṣùgbọ́n Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ti sọ ní 1989 pé àṣà yẹn kò ní múlẹ̀ bó bá máa pa ọmọ lára.

Ibi tí wàhálà ti ń pọ̀ jù ni àṣẹ tó kàn sọ pé kí bàbá máa rí ọmọ "lásìkò tó yẹ". Àsìkò wo ló yẹ? Ẹ bẹ adájọ́ kó kọ ọjọ́ àti wákàtí, ẹni tí yóò mú ọmọ wá, ibi tí ẹ ó ti pàdé, Iléyá, Kérésìmesì, ọlidé, títí dé ìpè fóònù. Ní ti ibi ìpàdé, èmi fara mọ́ ilé ìyá àgbà ju ẹnu ọ̀nà ilé ẹni tí ẹ ti kọ̀. Bí ẹbí bá parí ọ̀rọ̀ nílé, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí kóòtù sọ ọ́ di àṣẹ. Àdéhùn ẹnu kì í pẹ́ yí padà tí ọ̀kan nínú yín bá ti fẹ́ ẹlòmíràn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ gbé ọmọ níléèwé láìgbàṣẹ. Ó ń dẹ́rù ba ọmọ, ó sì ń ba ẹjọ́ yín jẹ́.

Bí nǹkan bá yí padà, bóyá iṣẹ́ gbé yín kúrò n'Ílọrin tàbí ọmọ ń ṣàìsàn, kóòtù lè tún àṣẹ rẹ̀ ṣe. Ẹ mú rìsíìtì owó iléèwé àti ẹ̀rí owó tí ẹ fi ránṣẹ́ ní báńkì dání.