Ṣé Adam Smith Méjì Ló Wà? Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Ẹ̀kọ́ Ìwà Tó Bí Ìmọ̀ Ọrọ̀ Ajé

Ìbéèrè: Kí ni ohun tó rúni lójú nínú ọ̀rọ̀ Adam Smith?

Ìdáhùn: Ìwé ńlá méjì ni Adam Smith, ọmọ ìlú Kirkcaldy ní Scotland, tẹ̀ jáde nígbà ayé rẹ̀. Àkọ́kọ́, *The Theory of Moral Sentiments*, jáde ní 1759, ó sì dá lórí bí ènìyàn ṣe ń dá rere mọ̀ yàtọ̀ sí búburú. Èkejì, *The Wealth of Nations*, jáde ní oṣù kẹta ọdún 1776, òun ló sì sọ ọ́ di ẹni tí aráyé ń pè ní baba ìmọ̀ ọrọ̀ ajé. Kí ọ̀rọ̀ má baà gùn, ìwé ìwà ni a ó máa pe ti àkọ́kọ́, ìwé ọrọ̀ ni a ó sì máa pe èkejì.

Gbólóhùn tó ṣí ìwé ìwà sọ pé bó ti wù kí ènìyàn mọ ti ara rẹ̀ nìkan tó, ohun kan wà nínú ẹ̀dá rẹ̀ tó ń mú kí ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn jẹ ẹ́ lógún, tó sì ń mú kó fẹ́ ire wọn bí kò tilẹ̀ ní rí èrè kankan níbẹ̀ ju inú dídùn lọ. Ìwé ọrọ̀ ní tirẹ̀ sọ pé kì í ṣe inú rere alápatà, apọntí tàbí aṣebúrẹ́dì ni a fi ń rí oúnjẹ jẹ, bí kò ṣe pé oníkálùkù wọn ń wá ire ara rẹ̀. Ẹni tó bá ka gbólóhùn méjèèjì tẹ̀lé ara wọn yóò ṣe kàyéfì bóyá ẹnì kan náà ló kọ wọ́n.

Ìbéèrè: Ṣé kì í ṣe pé èrò rẹ̀ yí padà ni?

Ìdáhùn: Ohun tí àwọn onímọ̀ kan ní Jámánì sọ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún nìyẹn. Wọ́n ní nígbà tí Smith wà ní ilẹ̀ Faransé láti 1764 sí 1766, tó ń kọ́ ọmọ ìjòyè kan, Duke of Buccleuch, lẹ́kọ̀ọ́, ó bá àwọn onímọ̀ Paris pàdé, wọ́n sì yí i lọ́kàn padà sí ìgbàgbọ́ pé ìfẹ́ ara ẹni ló ń tọ́ ohun gbogbo.

Àlàyé náà dùn-ún gbọ́, ṣùgbọ́n kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Smith kò fìgbà kan kọ ìwé ìwà sílẹ̀. Léraléra ló ń tún un tẹ̀, ẹ̀dà kẹfà rẹ̀, tó fi ọ̀pọ̀ nǹkan tuntun kún, sì jáde ní 1790, ọdún tó kú gan-an. Ní 1895 ẹ̀wẹ̀, Edwin Cannan, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, gbúròó àkọsílẹ̀ kan tí akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣe nínú kíláàsì Smith ní Glasgow kí ọ̀gá náà tó rìnrìn àjò lọ sí Faransé, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ọ̀rọ̀ nípa pípín iṣẹ́ wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ nípa iye owó ọjà wà níbẹ̀, apọntí àti aṣebúrẹ́dì tí kì í torí inú rere tajà náà wà níbẹ̀. Ohun tí wọ́n ní ó kọ́ ní Paris, ó ti ń fi kọ́ àwọn ọmọdékùnrin ní Scotland tẹ́lẹ̀.

Ìbéèrè: Kí ló kan olùkọ́ ẹ̀kọ́ ìwà nínú iye owó ẹran àti búrẹ́dì?

Ìdáhùn: Iṣẹ́ rẹ̀ gan-an ni. Láti 1752 ni Smith ti jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ẹ̀kọ́ ìwà ní Yunifásítì Glasgow, John Millar tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ sì jẹ́rìí pé ọ̀nà mẹ́rin ló pín ẹ̀kọ́ náà sí: ohun tí làákàyè lè mọ̀ nípa Ọlọ́run, ìwà ọmọlúwàbí, ìdájọ́ òdodo, àti ètò ìjọba tó jẹ mọ́ ọrọ̀ àti agbára ìlú. Ìwé ìwà ti inú ìpín kejì jáde, ìwé ọrọ̀ sì ti inú ìkẹrin jáde. Ìpín kẹta ni kò di ìwé. Smith ṣèlérí fún àwọn òǹkàwé pé òun yóò kọ ọ́, ṣùgbọ́n kò parí rẹ̀, nígbà tí ikú sì ń bọ̀ ó ní kí àwọn ọ̀rẹ́ òun sun ìwé àfọwọ́kọ òun níná. Lójú tèmi, òfo yìí ló fa ọ̀pọ̀ nínú àìgbọ́ra-ẹni-yé tó wà lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀, nítorí ìdájọ́ òdodo ni ohun tó so ìwà mọ́ ọjà, ìwé tí ì bá sì ṣàlàyé rẹ̀ ni a kò ní.

Ìjà kan sì wà nílẹ̀ kí Smith tó dé. Thomas Hobbes, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti kọ̀wé ní 1651 pé bí kò bá sí aláṣẹ tí gbogbo ènìyàn ń bẹ̀rù, oníkálùkù yóò máa bá ẹnì kejì rẹ̀ jagun. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Bernard Mandeville, oníṣègùn kan tí wọ́n bí ní Rotterdam tó wá fi London ṣe ilé, tẹ ìwé kan jáde ní 1714, tó ní ìwà burúkú ẹnì kọ̀ọ̀kan ló ń mú ọrọ̀ bá gbogbo ìlú: bí agbéraga kò bá ra aṣọ olówó ńlá, kí ni télọ̀ yóò jẹ? Ìgbìmọ̀ kan ní Middlesex fẹ̀sùn kan ìwé náà ní 1723 pé ó ń ba ìlú jẹ́. Francis Hutcheson, tó kọ́ Smith ní Glasgow, dáhùn pé Ẹlẹ́dàá ti fi ìmọ̀lára tó ń mọ rere sínú wa, àti pé ohun tó bá ti inú ìfẹ́ ẹlòmíràn wá nìkan ni a lè pè ní ìwà rere.

Smith kò tẹ̀ lé Mandeville, kò sì tẹ̀ lé ọ̀gá rẹ̀ délẹ̀. Ó ní ẹ̀tàn Mandeville ni pé gbogbo ohun tí ènìyàn bá ṣe fún ara rẹ̀ ló ń pè ní ìwà burúkú. Ṣùgbọ́n ó ní Hutcheson náà kò rí ti ẹni tó ń tọ́jú ilé rẹ̀ rò, nítorí aráyé ń yin ẹni tó mọ owó ṣọ́, tó ń ṣiṣẹ́, tó sì ń ronú ọ̀la. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Smith kò rí ẹ̀ṣẹ̀ nínú ìyẹn.

Ìbéèrè: Kí ni ìbákẹ́dùn tí Smith sọ̀rọ̀ rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ nínú ìwé ìwà?

Ìdáhùn: Kì í ṣe àánú nìkan. Agbára tí ènìyàn ní láti fi ọkàn gba ipò ẹlòmíràn ni, ìbáà ṣe nínú ayọ̀ tàbí nínú ìbànújẹ́. Smith tọ́ka sí ohun tí ojú ń rí lójoojúmọ́: bí a bá rí i tí pàṣán fẹ́ ba ẹlòmíràn lẹ́sẹ̀, àwa náà á fa ẹsẹ̀ tiwa sẹ́yìn, bí èrò bá sì ń wo ẹni tó ń rìn lórí okùn, wọn á máa yí ara wọn sọ́tùn-ún sósì bí ẹni pé àwọn ló wà lókè.

Bí a ṣe ń wo ẹlòmíràn ni àwọn náà ń wò wá, a sì mọ̀. Ẹni tí inú bá ń bí máa ń rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ títí dé ibi tí ẹni tó ń gbọ́ ọ lè bá a dé, nítorí kò fẹ́ dá nìkan wà nínú ìbínú rẹ̀. Nígbà tó bá yá, ẹni tó ń wòran kò ní láti wà níta mọ́. Òǹwòran tí kì í ṣe ojúsàájú á ti jókòó sínú àyà ẹni, tí yóò máa ṣèdájọ́ ohun tí a ń ṣe bí ẹni tí kò bá wa tan tí kò sì bá wa ṣọ̀tá.

Ibì kan wà nínú ìwé ìwà tí mo rò pé ó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń bú Smith tàbí tó ń yìn ín kà. Ó ní kí a gbà pé ilẹ̀ ríri gbé gbogbo Ṣáínà mì. Ọmọlúwàbí kan ní Yúróòpù yóò kẹ́dùn, yóò sọ̀rọ̀ ọlọgbọ́n nípa bí ayé ṣe rí, lẹ́yìn náà yóò padà sídìí òwò àti fàájì rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá sọ fún un pé wọn yóò gé ọmọ-ìka-kékeré òun fúnra rẹ̀ lọ́la, kò ní fojú kan oorun. Smith wá béèrè bóyá ẹni yìí yóò gbà kí ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn kú kí ìka rẹ̀ má baà lọ. Ó ní kò sẹ́ni tó burú tó bẹ́ẹ̀. Kí ló wá dá a dúró, nígbà tó jẹ́ pé ìfẹ́ rẹ̀ sí àwọn ará Ṣáínà kò tó nǹkan? Òǹwòran inú ni, tó ń rán an létí pé ẹnì kan ṣoṣo ni òun jẹ́ láàárín ọ̀pọ̀.

Ẹ ṣàkíyèsí pé nínú ìwé ìwà fúnra rẹ̀ ni Smith ti sọ pé inú rere kò lágbára tó láti gbé ayé ró. Kò sí ìyípadà nígbà tó tún un sọ nípa alápatà.

Ìbéèrè: Ṣé alápatà yẹn kò wá ní ìwà kankan nídìí ọjà?

Ìdáhùn: Ó ní. Ohun tí Smith ń bá bọ̀ níbi tó ti dárúkọ rẹ̀ ni pé ènìyàn nílò ìrànlọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èrò lójoojúmọ́, bẹ́ẹ̀ gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ kò tó láti bá ju ènìyàn díẹ̀ lọ dọ́rẹ̀ẹ́. Báwo ló ṣe fẹ́ bá àjèjì lò láìṣagbe, láìsì fi ipá gbà? Pàṣípààrọ̀ ni ìdáhùn rẹ̀, ẹni tó bá sì fẹ́ ṣe pàṣípààrọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ro ohun tí ẹnì kejì ń fẹ́, ìyẹn ni pé kó fi ọkàn gba ipò onítọ̀hún.

Ààlà sì wà. Ìwé ìwà sọ ọ́ kedere pé nínú eré ìje tí a ń sá nítorí ọrọ̀ àti ọlá, ẹnikẹ́ni lè sá a tagbáratagbára, ṣùgbọ́n bó bá ti ta ẹnì kan lulẹ̀ báyìí, sùúrù àwọn òǹwòran tán nìyẹn.

Ìbéèrè: Ọwọ́ àìrí (*invisible hand*), gbólóhùn tí wọ́n máa ń fi mọ Smith, ńkọ́?

Ìdáhùn: Orúkọ rẹ̀ ju òun fúnra rẹ̀ lọ. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló jáde nínú ìwé ọrọ̀, níbi tó ti ń ṣàlàyé pé oníṣòwò tó fi owó rẹ̀ ṣòwò nílé nítorí pé ọkàn rẹ̀ balẹ̀ síbẹ̀ ń ṣe ìlú lóore láìmọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan náà ló wà nínú ìwé ìwà.

Ìbéèrè: Ṣé Smith fọkàn tán àwọn oníṣòwò bí?

Ìdáhùn: Rárá o. Ó ní àwọn tó ń ṣe òwò kan náà kì í sábà pàdé, kódà fún fàájì, kí ọ̀rọ̀ wọn má parí sí rìkíṣí tí wọn yóò fi fowó lé ọjà. Ó ní àwọn ọ̀gá ibi iṣẹ́ ti lẹ̀dí àpò pọ̀ níbi gbogbo kí owó iṣẹ́ má baà gòkè, àti pé kò sí ìlú tó lè láyọ̀ nígbà tí èyí tó pọ̀ jù nínú ará rẹ̀ bá jẹ́ òtòṣì.

Ilé iṣẹ́ píìnì tí gbogbo ènìyàn mọ̀ mọ́ ọn náà ní apá kejì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ìwé ọrọ̀, ó ní ọkùnrin mẹ́wàá tó pín iṣẹ́ náà láàárín ara wọn, tí ọ̀kan ń fa wáyà, tí òmíràn ń gé e, tí òmíràn ń pọ́n ẹnu rẹ̀, lè ṣe ju 48,000 píìnì lọ lóòjọ́, bẹ́ẹ̀ ẹnì kan tó ń dá a ṣe lè má ṣe tó 20. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ojú ìwé, ó padà sọ pé ẹni tó ń fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣe iṣẹ́ kékeré kan ṣoṣo bẹ́ẹ̀ yóò di òpè pátápátá, kò sì ní lè dájọ́ tó tọ́ mọ́ lórí ojúṣe rẹ̀ nínú ilé. Ohun tó ń sọ ni pé ọ̀nà ọrọ̀ yẹn lè pa òǹwòran inú. Nítorí náà ló ṣe fẹ́ kí ìjọba dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan, kí owó rẹ̀ sì kéré débi tí lébìrà á lè san án.

Ìbéèrè: Kí ló sọ nípa òwò ẹrú?

Ìdáhùn: Glasgow tó ti ń kọ́ni ń lówó lórí tábà tí àwọn ẹrú gbìn ní Virginia. Síbẹ̀ ó kọ ọ́ sínú ìwé ìwà pé kò sí ènìyàn dúdú kan láti etíkun Áfíríkà tí ọkàn rẹ̀ kò ga ju ohun tí ọ̀gá rẹ̀ lè ronú kàn lọ, àti pé pàǹtírí ọgbà ẹ̀wọ̀n Yúróòpù ni ìkà àyànmọ́ fi àwọn akọni wọ̀nyẹn sábẹ́ rẹ̀. Kì í ṣe pé kò lábùkù: orí ìwé náà ṣì ń to àwọn baba wa mọ́ àwọn tí Yúróòpù ìgbà náà ń pè ní ará ìgbẹ́. Nínú ìwé ọrọ̀, ó ní iṣẹ́ ẹrú ló wọ́n jù lọ níkẹyìn, àti pé ìgbéraga ẹni tó fẹ́ràn láti máa jẹ gàba ló ń mú kí ọ̀gá dì í mú.

Ìbéèrè: Ṣé kò wá sí ohun tó ta kora nínú ọ̀rọ̀ Smith rárá?

Ìdáhùn: Ó wà, ṣùgbọ́n kì í ṣe láàárín ìwé méjèèjì. Inú ìwé ìwà nìkan ló wà. Níbẹ̀ ni Smith ti sọ ìtàn ọmọ tálákà kan tí ọkàn rẹ̀ ń fà sí ọrọ̀, tó fi gbogbo ìgbésí ayé rẹ̀ ṣe wàhálà, tó wá rí i lọ́jọ́ ogbó pé ohun ìṣeré lásán ni ohun tí òun ń lé. Smith ní ó dára bí ẹ̀dá ṣe ń tàn wá jẹ bẹ́ẹ̀, nítorí ẹ̀tàn náà ló mú kí aráyé ro oko, kí wọ́n sì kọ́ ìlú. Nígbà tó di 1790, ó fi orí tuntun kan kún ìwé náà, tó sọ níbẹ̀ pé bí a ṣe ń júbà olówó tí a sì ń fojú tẹ́ńbẹ́lú tálákà ló ń ba ìmọ̀lára ìwà wa jẹ́ jù lọ. Ìtara kan náà tó ń gbé ọrọ̀ ìlú sókè ló ń dí òǹwòran inú lójú. Smith fi gbólóhùn méjèèjì sílẹ̀ nínú ìwé kan náà, kò sì gbìyànjú láti bá wọn parí ìjà.