Dáíkírómétì: bí ó ṣe ń gba ẹ́lẹ́kítírọ̀nù lọ́wọ́ ọtí àti lọ́wọ́ ilẹ̀ oko

Bí a bá bu mìlílítà 2 ògógóró sínú túùbù onígíláàsì, tí a kán pọtasíọ̀mù dáíkírómétì (iyọ̀ aláwọ̀ ọsàn tó ní króómíọ̀mù nínú) tí a ti pò mọ́ ásíìdì sọ́fúríìkì sí i ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún, tí a wá gbé túùbù náà sínú omi gbígbóná, àwọ̀ tó pọ́n bí omi ọsàn á kọ́kọ́ ṣú bíi pé ẹnì kan po ẹrẹ̀ mọ́ ọn. Kò ní pẹ́ tí á fi di àwọ̀ ewé, tí òórùn bíi ti èso tó pọ́n jù á sì máa jáde.

Króómíọ̀mù tó wà nínú dáíkírómétì wà ní ipò +6, ìyẹn ni pé a kà á sí èyí tó ti pàdánù ẹ́lẹ́kítírọ̀nù 6. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gba ẹ́lẹ́kítírọ̀nù 3 kí ó tó balẹ̀ sí +3, +3 yìí ló sì ní àwọ̀ ewé. Méjì ló wà nínú dáíkírómétì kan, nítorí náà ẹ́lẹ́kítírọ̀nù 6 ló ń gbà. Ásíìdì tó wà níbẹ̀ níṣẹ́ tirẹ̀: ọ́síjìn 7 tó wà lára dáíkírómétì gbọ́dọ̀ di omi, háídírójìn 14 láti ara ásíìdì ló sì ń sọ wọ́n di omi. Bí ásíìdì bá kéré, iṣẹ́ á dúró lágbedeméjì.

Dáíkírómétì kì í yan ẹni tó máa gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Mẹ́tánóò, ọtí olóró tó pa ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Òde-Ìrèlè, ìpínlẹ̀ Oǹdó, ní 2015, náà ń sọ ọ́ di àwọ̀ ewé. Ẹni tó bá ní òun ti fi dáíkírómétì wò ó pé ògógóró òun dára fún mímu, kò tíì wo ohunkóhun.

Lára ọtí, ọ́síjìn ni króómíọ̀mù kọ́kọ́ ń so mọ́, kí háídírójìn tó wà lórí kábọ́ọ̀nù tó gbé ọ́síjìn náà tó bọ́. Bí kò bá sí háídírójìn níbẹ̀, kò sí ohun tó máa bọ́, àwọ̀ ọsàn á sì dúró bó ṣe wà. Bí ó bá jẹ́ ẹyọ kan, a ó rí ketone. Bí ó bá jẹ́ méjì, a ó rí aldehyde, ibí yìí sì ni ọ̀rọ̀ omi ti wọlé. Omi máa ń so mọ́ aldehyde, á wá dà bí ọtí padà, króómíọ̀mù á tún gbá a mú, ó di ásíìdì. Ẹni tó bá fẹ́ dúró sí aldehyde gbọ́dọ̀ mú omi kúrò. Ìdí nìyẹn tí a fi ń lo PCC (pyridinium chlorochromate, tí króómíọ̀mù tirẹ̀ náà wà ní +6), tí Corey àti Suggs gbé jáde ní 1975, nínú dichloromethane gbígbẹ, bíi móòlù 1.5 sí móòlù 1 ọtí. Oje dúdú tó ń lẹ̀ mọ́ ìdí fúláásìkì ni ìyọnu rẹ̀. Bí a bá da ìyẹ̀fun Celite sí i láti ìbẹ̀rẹ̀, ara rẹ̀ ni oje náà máa lẹ̀ mọ́.

Dáíkírómétì wúlò fún ilẹ̀ oko náà, nítorí òun la fi ń mọ iye kábọ́ọ̀nù tó wà nínú erùpẹ̀. Walkley àti Black ló gbé ọ̀nà náà kalẹ̀ ní 1934. A ó gbẹ dáíkírómétì ní 105°C fún wákàtí 2, a ó wọn gíráàmù 49.03, a ó sì pò ó mọ́ omi títí yóò fi pé lítà 1. Ó mọ́ débi pé ohun tí òṣùwọ̀n bá sọ la ó gbà, ó sì lè pẹ́ nínú igò láìyẹ̀. Ẹnu kọ́ ni a fi ń fa á sínú pípẹ́ẹ̀tì o. Rọ́bà la fi ń fà á.

Erùpẹ̀ gíráàmù 1, tí a ti sẹ́ kúnná ju gàrí Ìjẹ̀bú lọ, á wọ fúláásìkì. Mìlílítà 10 dáíkírómétì á tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà mìlílítà 20 ásíìdì sọ́fúríìkì líle, kíákíá. Kíákíá yẹn ṣe pàtàkì, torí ooru tó ń jáde nígbà tí ásíìdì bá pàdé omi ló ń se erùpẹ̀ náà, kò sí iná lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá ń kán an díẹ̀díẹ̀ á rí iye tó kéré ju bó ṣe yẹ lọ. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 30, a ó da omi mìlílítà 200 sí i, a ó kán ferroin, tó ń fi àwọ̀ hàn wá ibi tí a ó dúró, sí i, a ó sì fi ammonium iron(II) sulphate 0.5 N (N ni òṣùwọ̀n agbára rẹ̀) ṣe títírésọ̀n, ìyẹn ni pé a ó máa kán an sí i títí dáíkírómétì tí erùpẹ̀ kò lò á fi tán. Àwọ̀ ewé á máa dúdú sí i, títí ẹ̀kán kan ṣoṣo á fi sọ ọ́ di pupa bí obì. Bí ó bá ti kọjá, a lè fi dáíkírómétì mìlílítà 0.5 kún un, kí a rọra parí rẹ̀, kí a sì ka 0.5 náà mọ́ ìṣirò.

Fúláásìkì tí kò ní erùpẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lójoojúmọ́, nítorí afẹ́fẹ́ ń ba iron(II) tí a fi ń ṣe títírésọ̀n jẹ́. Bí èyí bá gba mìlílítà 20, tí ti erùpẹ̀ gba 14, ìyàtọ̀ 6 × 0.5 × 0.003 × 100 × 1.33 jẹ́ ìdá 1.2 nínú 100. Iye 1.33 wà níbẹ̀ nítorí pé nǹkan bí ìdá 75 nínú 100 kábọ́ọ̀nù ni ọ̀nà yìí ń rí mú.

Bí fúláásìkì bá di àwọ̀ ewé gbàrà tí ásíìdì wọlé, dáíkírómétì ti tán nìyẹn. Ìdajì gíráàmù erùpẹ̀ ni kí a fi tún un ṣe. Erùpẹ̀ àkùrọ̀ tó ṣì tutù ní iron(II) tó máa ń fún dáíkírómétì ní ẹ́lẹ́kítírọ̀nù, á sì dà bíi pé kábọ́ọ̀nù pọ̀. Ká sá a sí afẹ́fẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan kí a tó wọn ọ́n. Iyọ̀ inú ilẹ̀ etí òkun ń ṣe bákan náà. Silver sulphate tí a bá pò mọ́ ásíìdì ló ń dá a dúró. Èédú láti oko tí wọ́n dáná sun ń ṣe òdìkejì, torí díẹ̀ ni dáíkírómétì lè jẹ lára rẹ̀.

Fúláásìkì tí títírésọ̀n rẹ̀ ti parí kò ní +6 mọ́. Èyí tó ṣẹ́kù nínú bíkà àti omi tí a fi ṣan pípẹ́ẹ̀tì ni ewu, torí +6 ń fa jẹjẹrẹ, kì í sì í lẹ̀ mọ́ yanrìn tó wà lábẹ́ ilé wa, omi ló ń bá lọ sínú kànga. Mìlílítà 10 péré ní króómíọ̀mù bíi mìlígíráàmù 173. Àjọ WHO fi òdiwọ̀n sí mìlígíráàmù 0.05 nínú lítà kan omi mímu. Mìlílítà 10 yẹn lè ba lítà tó lé ní 3,400 jẹ́ dé òdiwọ̀n náà. Inú garawa tirẹ̀ ni kó lọ: kí ásíìdì rẹ̀ wà lábẹ́ pH 3, kí a da sodium metabisulphite, tó ń sọ +6 di +3, sí i títí àwọ̀ ọsàn á fi tán, lẹ́yìn náà kí a fi lime (calcium hydroxide) gbé pH dé 8 tàbí 9, kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ aláwọ̀ ewé lè sílẹ̀. Bí ẹni tó fi kọ́sítíìkì sódà rọ́pò lime bá dà á pọ̀ jù, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ náà á tún yọ́ padà sínú omi.