Orúkọ Agbo Ilé Kọ́ Ni Orírun: Bí Ìtàn Ìdílé Ṣe Bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn

Bí ẹ bá bi ọmọ Ìbàdàn pé ọmọ ibo ni, agbo ilé ni yóò kọ́kọ́ dárúkọ: ilé Olúyọ̀lé, ilé Ìbíkúnlé, ilé Ògúnmọ́lá. Ìdáhùn náà tọ́, àmọ́ kò tó láti fi tọ ìran ẹnikẹ́ni. Ní ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá, ará agbo ilé kan náà sábà máa ń jẹ́ ọmọ baba ńlá kan. Ti Ìbàdàn yàtọ̀, bí wọ́n ṣe tẹ ìlú náà dó ló fà á.

Ibùdó ogun ni Ìbàdàn tí a mọ̀ lónìí. Lẹ́yìn tí Òwu fọ́, ní nǹkan bí ọdún 1829, àwọn ọmọ ogun Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ọ̀yọ́, pẹ̀lú àwọn Ẹ̀gbá kan, fìdí kalẹ̀ síbẹ̀. Máyẹ̀ Okùnadé, ọmọ Ifẹ̀, ni olórí wọn; ogun Gbánámú, tí Ọ̀yọ́ àti Ifẹ̀ bá ara wọn jà, ló wá gbé agbára lé àwọn Ọ̀yọ́ lọ́wọ́. Kò sí ọba kankan níbẹ̀. Jagunjagun tó bá ní ọmọlẹ́yìn ló ń kọ́lé ńlá, àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ a sì kọ́ tiwọn yí i ká. Ẹni tí ogun lé kúrò ní Ìkòyí, ẹni tó ti Ọ̀fà wá, ìwọ̀fà, ẹrú tí wọ́n kó lójú ogun, gbogbo wọn ló ń jẹ́ orúkọ olórí ogun tí wọ́n bá sọ̀ sọ́dọ̀ rẹ̀. Wọ́n ní Ìbàdàn kì í gbonílé bí àjòjì. Nínú agbo ilé gan-an ni ẹ ti lè rí òtítọ́ ọ̀rọ̀ yẹn.

Bí olórí ogun bá kú, ẹnìkan ní láti gba ipò rẹ̀. Mọ́gàjí ni wọ́n ń pe ẹni náà. Ọ̀dọ̀ Hausa la ti yá ọ̀rọ̀ yìí, àrólé ló túmọ̀ sí. Láti ipò mọ́gàjí ni ènìyàn ti ń di Jagun, tí yóò sì máa gòkè ní ìlà Ọ̀tún tàbí ìlà Balógun títí dé Olúbàdàn, oyè tí wọ́n ń pè ní Baálẹ̀ kó tó di ọdún 1936. Bí ìtàn ilé ṣe di ohun tí wọ́n fi ń du oyè nìyẹn: ta ni baba ńlá, ojúlé (ẹ̀ka ìdílé) mélòó ló wà, ojúlé wo ló kàn.

Ohun tí ogun kò lè gbà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ni oríkì orílẹ̀. Ẹni méjì lè jọ jẹ́ ará ilé kan, kí wọ́n máa ki ọ̀kan ní ọmọ Ẹ̀ṣọ́ Ìkòyí, kí wọ́n sì máa fi “ìjàkadì lorò Ọ̀fà” ki èkejì. Orúkọ ilé ń sọ ibi tí baba ńlá wọn sọ ẹrù kalẹ̀ sí, oríkì sì ń sọ ibi tó ti gbé ẹrù náà wá. Orúkọ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Àyàn ń tọ́ka sí ìdílé onílù, Ọ̀jẹ́ sí ti eléégún, Ọdẹ́ sí ti ọdẹ.

Àwọn obìnrin ló pa èyí mọ́. Wọn kò bí ìyàwó ilé síbẹ̀, nítorí náà ó ní láti dìídì kọ́ oríkì ilé ọkọ rẹ̀ kó tó lè fi kí ọmọ ọkọ lárààárọ̀. Òun náà ló mọ ìyàwó tó wọlé ṣáájú àti ọmọ tó jẹ́ ti ta. Lójú tiwa, ọ̀dọ̀ àwọn ìyá àgbà ló yẹ kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ mọ́gàjí.

Ìwé dé pẹ̀lú David Hinderer, ajíhìnrere Òyìnbó tó fìdí kalẹ̀ sí Kúdẹtì ní Ìbàdàn ní 1853. Ìwé ìrìbọmi ṣọ́ọ̀ṣì wà lára àwọn ìwé tó kọ́kọ́ fi ọjọ́ sára orúkọ ará ìlú. Samuel Johnson, tó ṣiṣẹ́ ní Àrẹ̀mọ, gba ìtàn lẹ́nu àwọn àgbà, ó sì parí ìwé ìtàn Yorùbá tó kọ ní 1897. Ìwé náà sọnù lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ tẹ̀ ẹ́ ní ìlú Òyìnbó. Obadiah àbúrò rẹ̀ ló fi àkọsílẹ̀ tó kù tún un kọ, ó sì jáde ní 1921. Kó tó jáde, I. B. Akínyẹlé, tó padà di Olúbàdàn ní 1955, ti tẹ Ìwé Ìtàn Ìbàdàn jáde lédè Yorùbá ní 1911. Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe. Àmọ́ ilé àwọn olóyè ogun ló gba ojú ìwé jù, ọ̀pọ̀ ilé onílù àti aláṣọ-òfì kò sí níbẹ̀. Bí ẹ kò bá rí ilé yín nínú ìwé, ẹ má ṣe lẹ ara yín mọ́ ilé olóyè kan.

Ilé ẹ̀kọ́ àti owó orí tún da ọ̀rọ̀ rú. Tẹ́lẹ̀, kò sẹ́ni tó ń jẹ́ orúkọ bàbá mọ́ tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń kọ orúkọ sílẹ̀, ẹ̀gbọ́n mú orúkọ bàbá, àbúrò mú ti bàbá àgbà, ẹ̀kẹta mú orúkọ mùsùlùmí tí bàbá ń jẹ́. Ẹni tó bá ń fi orúkọ ìdílé nìkan wá ìbátan yóò fo ọmọ ìyá rẹ̀ dá.

Bí ẹ bá fẹ́ ya ìdílé yín sórí ìwé, ẹ kọ orúkọ bàbá sókè. Ẹ to àwọn ìyàwó sísàlẹ̀ rẹ̀ bí wọ́n ṣe wọlé tẹ̀ léra, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan wà lábẹ́ ìyá rẹ̀. Bí ìdí igi, tó ń ka àwọn ọmọ ìyá kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀ka kan, ṣe ń ka ìdílé nìyẹn nígbà tí wọ́n bá ń pín ogún. Ẹni tó bá to gbogbo ọmọ sí ìlà kan ṣoṣo yóò pàdánù àwọn ìyá. Fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ orúkọ àbísọ, orúkọ oríkì rẹ̀, orúkọ ẹ̀sìn àti èyí tó ń jẹ́ níléèwé. Àlàbí tàbí Àbẹ̀kẹ́ nìkan kò tó, wọ́n pọ̀ jù nínú agbo ilé kan. Ẹ fi àlàfo ìka méjì sílẹ̀ lábẹ́ ìyá kọ̀ọ̀kan.

Ẹ má bi àgbà ní ọdún tí wọ́n bí i. Ẹ bi í bóyá ó ti ń rìn nígbà tí wọ́n ṣí gbọ̀ngàn Mápó ní 1929, bóyá ó ti lọ́kọ nígbà tí Adélabú olóṣèlú kú ní 1958, ọmọ wo ló wà lẹ́yìn rẹ̀ nígbà tí owó di náírà ní 1973, ibo ló sùn lálẹ́ omíyalé Ògùnpa ní 1980. Fóònù ti tó láti fi gba ohùn. Ẹ kọ́kọ́ sọ orúkọ rẹ̀ àti ọjọ́ òní sínú rẹ̀, kí ẹ má sì lò ju ogójì ìṣẹ́jú lọ lẹ́ẹ̀kan. Lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni kí ẹ bá àwọn àgbà sọ̀rọ̀: bí ẹ̀gbọ́n bá jókòó tì í, àbúrò kò ní sọ èyí tó yàtọ̀. Ẹ jẹ́ kí àgbà kọ̀ọ̀kan fi ojú oórì inú ilé hàn yín. Ọjọ́ tí wọ́n kọ sára sìmẹ́ǹtì máa ń tú ìjà tí ẹnu kò lè parí.

Ilé àkójọ ìwé ìjọba wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn. Òfin ọdún 1957 ló fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ìwé àwọn ajẹ́lẹ̀ ìjọba Òyìnbó lórí ìjà oyè àti ilẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú èyíkéyìí tó bá jẹ́ ti ẹjọ́ ilẹ̀. Ẹni tó fẹ́ jàre kò ní ka ojúlé tó lè bá a pín ilẹ̀. Bí ẹ bá lo irú ìwé bẹ́ẹ̀, ẹ kọ ọ́ sórí rẹ̀ pé ẹjọ́ ló bí i.

Ọ̀rọ̀ ẹrú àti ìwọ̀fà wúwo. Ọ̀pọ̀ ilé ló ń gbé e pamọ́, ọ̀rọ̀ àbùkù sì ti fọ́ ẹbí rí. Ẹ kọ oríkì orílẹ̀ ẹni náà àti ìlú tó ti wá, kí ẹ fi bó ṣe wọlé sílẹ̀ títí àwọn ọmọ rẹ̀ fúnra wọn yóò fi sọ ọ́.

Pẹ́ńsù ni kí ẹ kọ́kọ́ fi kọ gbogbo rẹ̀. Ẹ kà á sókè ní ìpàdé ẹbí, nígbà Iléyá tàbí oṣù Kejìlá tí àwọn ará Èkó bá wálé, kí ẹ sì pe àwọn ọmọ obìnrin tó wà nílé ọkọ. Àwọn ló sábà máa ń dá òǹkàwé dúró pé ó ti fo ẹnìkan, ọmọ tó kú kó tó lọ iléèwé, tí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé kankan. Àlàfo ìka méjì tó wà lábẹ́ ìyá rẹ̀ ni ẹ ó kọ ọ́ sí.