Ọkùnrin tí òfin ní kó má ya ọba mọ́

Kí ló gbé Honoré Daumier, ayàwòrán ẹ̀fẹ̀ ará Faransé, dé inú yàrá tọkọtaya?

Ọba gan-an ló kọ́kọ́ ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ní 1831, ó ya Louis-Philippe, ọba ilẹ̀ Faransé, bí òmìrán tó la ẹnu sílẹ̀, tí àwọn èèyàn ń ru apẹ̀rẹ̀ owó gun pákó lọ dà sí i lẹ́nu. Ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ni wọ́n dá fún un. Nígbà tó di oṣù Keje 1835, àwọn kan gbìyànjú láti pa ọba, nígbà tí yóò sì fi di oṣù Kẹsàn-án, òfin ti dé: àwòrán kankan ò gbọdọ̀ jáde láìjẹ́ pé ìjọba fọwọ́ sí i. Bẹ́ẹ̀ sì ni *Le Charivari*, ìwé ìròyìn ojoojúmọ́ tí Charles Philipon dá sílẹ̀ ní Paris, tí Daumier ń yàwòrán fún, ò lè ṣe kó má gbé àwòrán jáde. Kí ni wọ́n á wá yà? Ọkọ, aya, onílé, ayálégbé.

Kí ló wá pani lẹ́rìn-ín níbẹ̀?

Ohun tí kálukú ń ṣe lẹ́yìn tó bá ti ilẹ̀kùn. Àwòrán 60 ló wà nínú ọ̀wọ́ tó ń jẹ́ *Mœurs conjugales*, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1839. Nínú ọ̀kan, oṣù mẹ́fà péré ni wọ́n ṣègbéyàwó, tọkọtaya ti jókòó, wọ́n ń yán. Nínú òmíràn, ọkọ gbé ṣòkòtò tó ya dání, ó ń bínú sí George Sand, obìnrin òǹkọ̀wé, pé òun ni ò jẹ́ kí àwọn ìyàwó rán ṣòkòtò ọkọ mọ́. Ọwọ́ bàbá yìí méjèèjì pé o! Kò kàn sí abẹ́rẹ́ lọ́kàn rẹ̀ ni.

Àwọn oníṣòwò àti onílé tó rí jájẹ, tó ń ti ọba lẹ́yìn, ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń yà. Lójú tèmi, ọ̀nà ẹ̀yìn ló gbà padà sí ààfin.

Báwo ló ṣe ń rí i ṣe kíákíá?

Orí òkúta ló ń yà á sí. Alois Senefelder, ará Jámánì, ló rí ọgbọ́n yìí ní ìparí ọdún 1790 sí 1799: èèyàn á fi gègé ọlọ́ràá yàwòrán sórí òkúta ẹfun tó dán, á wá fi omi rin ín. Omi kì í dúró lójú ọ̀rá, yíǹkì tó ní ọ̀rá náà kì í sì í lẹ̀ mọ́ ibi tó tutù, nítorí náà ojú àwòrán nìkan ló máa lẹ̀ mọ́. Wọ́n á tẹ bébà lé e, ó parí. Bíi 4,000 irú rẹ̀ ni Daumier ṣe.

Òun ló ń kọ ọ̀rọ̀ tó wà nísàlẹ̀ àwòrán rẹ̀?

Rárá, lọ́pọ̀ ìgbà. Àwọn ará ilé ìwé ìròyìn ni.

Ṣé kò fi obìnrin ṣe yẹ̀yẹ́ jù?

Ó ṣe bẹ́ẹ̀. *Les Bas-Bleus* ti 1844, àwòrán 40, fi obìnrin tó ń kọ̀wé ṣẹ̀sín: ìyá ń kọ̀wé lọ, ọmọ ti dorí kodò sínú omi ìwẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ dáa níbẹ̀, àmọ́ ẹ̀rín yẹn ò dé ọ̀fun mi.

Ṣé ó padà sórí ọ̀rọ̀ ọba?

Ọba ló fi ilé sílẹ̀. Oṣù Kejì 1848 ni ará Paris lé e lọ. Ní oṣù Kẹta, Daumier ya ọmọ ìgboro kan tó jókòó sórí ìtẹ́, tó ń sọ fún ẹgbẹ́ rẹ̀ pé àga náà rọ̀ débi pé òun ń rì sínú rẹ̀.